Ẹ Fi Wolé-Wolé Sínú Ọkọ̀ Ìgbafẹ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Akọ̀wé Àgbà Àjọ IMO

Sí Ọ̀gbẹ́ni Arsenio Dominguez,
Akọ̀wé Àgbà, International Maritime Organization,
Lọ́ńdọ̀nù.

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní IMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, nínú ilé ńlá yín tó kọjú sí odò Thames. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin tí àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ń dà sínú òkun ni mo bá wá. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, nítorí pé àwọn èèyàn mi wà lára àwọn tó ń wọ ọkọ̀ wọ̀nyí ní Southampton, ní Miami àti ní Fort Lauderdale. Bí ẹnìkan bá ti pé 50 ọdún tàbí 70 ọdún báyìí, ẹbí á kóra jọ, wọ́n á rán aṣọ kan náà, wọ́n á forí lé òkun. Mo fẹ́ kí àwọn náà ka ohun tí mo ń bá yín sọ. Kò sì ní ṣòro fún yín láti rí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Àwa Yorùbá pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ń fẹ́, kí n tó sọ ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ kí òfin àgbáyé tó wà níkàáwọ́ yín, èyí tí wọ́n ń pè ní MARPOL, tó dá lórí ẹ̀gbin tí ọkọ̀ ń dà sókun, pàṣẹ pé kí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ máa bá àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá rìn, kí ó máa wo ibi tí ẹ̀gbin ń gbà jáde, kí ó sì máa jábọ̀ fún ìjọba. Mo tún fẹ́ kí omi ìdọ̀tí tó ń ti balùwẹ̀, ilé ìfọṣọ àti ilé ìdáná ọkọ̀ jáde wà lábẹ́ òfin yẹn. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, kò sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe ní Ìbàdàn kí n tó kó wá sí ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ Yorùbá mọ wolé-wolé. Kì í ránṣẹ́ ṣíwájú pé òun ń bọ̀. Ó lè yọ ní kùtù òwúrọ̀, á ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀, á yọjú sí ṣáláńgá, á tọ gọ́tà dé ibi tó ṣàn sí. Bí ohun tó rí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, sámánì ni. Àwọn ìyá wa bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì máa ń bú u lẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbálẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo ti rí agbo ilé tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tí wolé-wolé kò bá wá ni tanwíji máa ń padà. Òfin kan náà ni, àwọn onílé kan náà ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ẹni tó ń wọlé wá wò.

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tòní kì í ṣe ọkọ̀ kékeré. Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2024, lè gbé èrò 7,600 pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 2,350. Ìyẹn sún mọ́ 10,000 ènìyàn. Ìlú kan gan-an nìyẹn, ìlú tó ń jẹun láàárọ̀ lọ́sàn-án lálẹ́, tó ń wẹ̀, tó ń pààrọ̀ táwẹ́ẹ̀lì, tó ń fọ abọ́ láìsinmi, tí kò sì ní ààtàn kankan ju omi tó yí i ká lọ. Ní ìparí ọdún 2008, àjọ EPA, tó ń dáàbò bo àyíká nílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn ńlá kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀ ń mú nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 8 omi ìgbọ̀nsẹ̀ wá lójúmọ́, àti gálọ́ọ̀nù 67 omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ àti omi ilé ìdáná. Ẹ fi èyí ṣírò fún ọkọ̀ tó kó 3,000 ènìyàn: omi ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ sí bíi 25,000 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́, omi ìdọ̀tí yòókù sì ń lọ sí 200,000. N kò tíì ka àjẹkù oúnjẹ, ike, eérú inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sun pàǹtírí, àti omi ẹlẹ́pò tó ń sẹ̀ jọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ nídìí ẹ́ńjìnnì.

Kí ni òfin yín sọ sí i? Àfikún Kẹrin MARPOL ni ti omi ìgbọ̀nsẹ̀. Ó gba ọkọ̀ láyè láti da èyí tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n sì ti fi oògùn pa kòkòrò inú rẹ̀, bí ó bá ti kọjá máìlì òkun 3 sí ilẹ̀. Bí ó bá ti kọjá máìlì 12, ó lè da èyí tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú rárá, bí ọkọ̀ bá ṣáà ti ń rìn. Mo mọ̀ pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́ sọ pé àwọn kì í dá ara àwọn láyè dé ibẹ̀, pé gbogbo rẹ̀ ni àwọn ń tọ́jú. Ó dára. Àmọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń dán irú rẹ̀ wò kí wọ́n tó fún un níwèé àṣẹ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e sínú ọkọ̀, òfin àgbáyé kò ní kí ẹnikẹ́ni máa bu omi tó ń tibẹ̀ jáde lọ yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ náà lè gbó, ọwọ́ iṣẹ́ lè pọ̀ jù fún un, òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n tún ṣe lè ti lọ sí ọkọ̀ mìíràn, ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣì wà lára ògiri.

Ní ti omi ìwẹ̀ àti omi ìdáná, òfin yín kò sọ nǹkan kan. Àwọn tó kọ òfin náà ní 1973 ronú pé omi ọṣẹ lásán ni. Ní ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ wọn lè yé mi. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Alaska, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2000 ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ bu omi láti inú àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ibi àyẹ̀wò. Nínú 80 omi tí wọ́n yẹ̀ wò, ẹyọ kan péré ló bá òfin mu. Ohun tó sì ya àwọn olùṣèwádìí lẹ́nu jù ni pé omi ìwẹ̀ àti omi ìdáná pàápàá kún fún kòkòrò inú ìgbẹ́, àwọn mìíràn nínú rẹ̀ sì burú bíi ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi ọkàn gbogbo ènìyàn balẹ̀ pé omi àwọn mọ́. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ títí ẹnìkan fi bu omi náà.

Ìbéèrè tó ti ń gbé mi lọ́kàn tipẹ́ nìyẹn, Ọ̀gá wa: nígbà tí àṣírí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí tú, ta ló mú wọn? Mo ti ka àwọn ẹjọ́ náà. Ní 1993, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ Princess san ìtanràn 500,000 dọ́là nítorí pé ọkọ̀ wọn kan, Regal Princess, ju àpò pàǹtírí sínú òkun nítòsí Florida. Èrò ọkọ̀ ló fi kámẹ́rà fídíò tirẹ̀ gbà á sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1994, ọkọ̀ òfurufú àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà ń kọjá nítòsí San Juan ní Puerto Rico, wọ́n rí epo tó ń ṣàn tẹ̀lé Sovereign of the Seas lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ Royal Caribbean, ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà, ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó máa fi di 1999, ilé-iṣẹ́ náà ti gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn ọ̀daràn 21, ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 18 dọ́là, yàtọ̀ sí mílíọ̀nù 9 tó ti san lọ́dún tó ṣáájú. Lára ohun tí wọ́n dà sínú omi ni kẹ́míkà ilé ìfọṣọ àti ti ibi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Èrò kan tó ní kámẹ́rà, ọkọ̀ òfurufú kan tó ń kọjá lọ. Wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ti Caribbean Princess, ọkọ̀ mìíràn tí ilé-iṣẹ́ Princess ní, torí etílé yín níbí ni ẹjọ́ náà ti wáyé. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2013, ọkọ̀ yẹn wà ní bíi máìlì 23 sí etíkun England nígbà tí wọ́n da 4,227 gálọ́ọ̀nù omi ẹlẹ́pò sínú òkun. Òfin ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ yọ epo inú irú omi bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dà á. Wọ́n so páìpù kan tó gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà kọjá. Páìpù idán ni àwọn òṣìṣẹ́ ìdí ẹ́ńjìnnì máa ń pe irú rẹ̀. Ẹnjiníà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ rí i. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí Southampton, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ fẹjọ́ sun àjọ tó ń ṣọ́ etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n tó dé, ọ̀gá àgbà ẹnjiníà àti ẹni tó tẹ̀ lé e ti ní kí wọ́n tú páìpù náà kúrò, wọ́n sì sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé irọ́ ni kí wọ́n pa fún ẹni tó bá bi wọ́n léèrè.

Ìwádìí fi hàn pé láti 2005 ni ọkọ̀ náà ti ń ṣe irú rẹ̀, ọdún kan péré lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún mẹ́jọ! Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó ń gúnlẹ̀ sí èbúté oríṣiríṣi, ó ń kó èrò, ìwé rẹ̀ sì pé. Ọkọ̀ mẹ́rin mìíràn ní ilé-iṣẹ́ kan náà ń ṣe ohun tó jọ ọ́. Àwọn kan ń ṣí omi òkun sórí ẹ̀rọ tó ń wọn epo, kí aago má baà dún. Àwọn kan tún wà tí omi ìwẹ̀ wọn kún àkúnya, tó ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ ibi ẹ́ńjìnnì, tó pò mọ́ epo níbẹ̀. Dípò kí wọ́n gbé e gba ẹ̀rọ, wọ́n fà á padà sínú táńkì omi ìwẹ̀, wọ́n sì dà á sókun bíi pé omi ìwẹ̀ lásán ni. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí wọ́n fi epo pamọ́ sí, Ọ̀gá wa. Inú omi tí òfin yín kò kà sí ni. Ìdí nìyí tí mo fi so ẹ̀bẹ̀ méjèèjì pọ̀: bí omi ìwẹ̀ bá ṣì wà lẹ́yìn òfin, yóò máa jẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún gbogbo ẹ̀gbin yòókù.

Ní oṣù kejìlá 2016, Princess gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn ọ̀daràn méje, ó sì gbà láti san mílíọ̀nù 40 dọ́là. Kò tíì sí ìtanràn tó tó bẹ́ẹ̀ rí lórí ọkọ̀ tó mọ̀ọ́mọ̀ ba òkun jẹ́. Adájọ́ ní kí wọ́n mú mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹnjiníà tó tú àṣírí náà. Ó tọ́ sí i. Àmọ́ mo máa ń ronú nípa àwọn ẹnjiníà yòókù tó ti wọ ọkọ̀ yẹn láàárín 2005 sí 2013, tí wọ́n rí páìpù náà, tí wọ́n sì dákẹ́. N kò lè dá wọn lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ló jẹ́ ọmọ ilẹ̀ jíjìnnà, ìdílé ńlá sì gbẹ́kẹ̀ lé owó oṣù wọn. Ọ̀gá tó lè lé wọn níṣẹ́ ló tún ń pàṣẹ fún wọn lójú agbami. Kò tọ́ kí ààbò òkun àgbáyé máa dúró lé ìgboyà ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ilé ẹjọ́ ní Miami fi Carnival, tó ni Princess, àti gbogbo ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún márùn-ún, wọ́n sì yan alábòójútó àti olùyẹ̀wò láti òde tí yóò máa wọ inú ọkọ̀ wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wolé-wolé dé. Kí ló rí? Ní oṣù kẹfà 2019, ilé-iṣẹ́ náà padà wá síwájú Adájọ́ Patricia Seitz, ó gbà pé òun ti rú òfin ìṣọ́ náà, ó sì san mílíọ̀nù 20 dọ́là sí i. Wọ́n ti da ike tó pò mọ́ àjẹkù oúnjẹ sínú omi Bahamas. Wọ́n ti kọ irọ́ sínú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n sì ti ń rán àwọn ènìyàn ṣáájú sínú ọkọ̀ láti lọ tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, kí olùyẹ̀wò tó dé, láìsọ fún ilé ẹjọ́. Ní oṣù kìíní 2022, wọ́n tún san mílíọ̀nù kan.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe iṣẹ́ wolé-wolé rí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé o ń bọ̀, wọ́n á da omi ìkòkò nù, wọ́n á gbá ẹ̀yìnkùlé, o ò sì ní bá nǹkan kan. Àmọ́ nítorí pé ẹnìkan wà tó lè wọlé, tó lè béèrè ìwé, tó lè padà wá, gbogbo èyí hàn sí gbangba. Bí ilé ẹjọ́ yẹn kò bá yan olùyẹ̀wò, ayé kò ní mọ nǹkan kan nípa ike tó wọ omi Bahamas. Ìṣọ́ náà parí ní 2022. Ta ló ń wọlé báyìí?

Alaska ti fi hàn wá bí a ṣe lè ṣe é láìdúró de ilé ẹjọ́. Lẹ́yìn àyẹ̀wò ọdún 2000, wọ́n ṣòfin ní 2001, òfin tó mú omi ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi ìwẹ̀ pa pọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ gbé ẹ̀rọ tuntun tó dára ju ti àtijọ́ lọ sínú ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀, omi tó ń jáde sì mọ́ ju tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2006, àwọn ará ìlú fúnra wọn dìbò, wọ́n sì dá ètò tí wọ́n ń pè ní Ocean Rangers sílẹ̀. Ẹnjiníà ọkọ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí ni wọ́n, ìjọba ló ń rán wọn, wọ́n ń gbé inú ọkọ̀, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń wo ìwé àkọsílẹ̀, wọ́n ń wo páìpù. Dọ́là 4 lórí ibùsùn èrò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ wọn. Dọ́là 4 kò lè ra ife ọtí kan nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn.

Ní 2019, Gómìnà Mike Dunleavy wọ́gi lé owó ètò náà. Ó ní kò sí ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Alaska tí wọ́n fi irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ sí lára. Mo bọ̀wọ̀ fún ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe owó ìlú ni wọ́n fi ń ṣe é, owó èrò ọkọ̀ ni. Kò sì sí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ inú omi tóóró láàárín òkè, tó ń da omi wọn síbẹ̀, tó sì ń lọ sí ìlú kejì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, ọkọ̀ Westerdam da ju 20,000 gálọ́ọ̀nù omi ìdọ̀tí lọ sínú Glacier Bay, ọgbà ìpamọ́ tí gbogbo ayé ń lọ wò. Ọdún tó tẹ̀ lé e gan-an ni wọ́n gé owó àwọn ẹ̀ṣọ́. Iye èrò tó gba Juneau, olú ìlú Alaska, kọjá ní 2023 lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀, ìlú tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò ju bíi 32,000 lọ.

Ohun tí gómìnà kan lè fi gègé pa rẹ́ ní ọjọ́ kan kò lè dáàbò bo òkun. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọjá gómìnà wá sọ́dọ̀ yín.

Ní ìgbà tí a ń ṣe ọjọ́ ìbí 70 ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí ọkọ̀ tó gbéra ní Southampton, mo bi ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọkọ̀ léèrè ibi tí omi balùwẹ̀ wa ń lọ. Ọmọlúàbí ni, ó fara balẹ̀ dá mi lóhùn, ó ní wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n tó dà á. Mo ní ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ó ní àwọn fúnra àwọn ni, àwọn sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Mo gbà pé òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ìwé tí Caribbean Princess ń kọ lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́jọ ńkọ́?

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan lórí ibi tí ààbò wà àti ibi tí kò sí. Òkun Baltic, ní àríwá Yúróòpù, nìkan ni òkun tí òfin yín fi sípò àrà ọ̀tọ̀ lórí omi ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ èrò. Láti 2021 ni èyí ti mú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ pàápàá. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, kí wọ́n gbé ẹ̀gbin wọn fún èbúté, tàbí kí ẹ̀rọ wọn lè yọ ohun tó ń mú ewé omi gbilẹ̀ kúrò. Helsinki, olú ìlú Finland, ń gba ẹ̀gbin náà láìbéèrè owó àfikún. Inú mi dùn sí i. Norway náà ti ṣòfin tó le láti 2019 fún díẹ̀ nínú àwọn fiọ́ọ̀dù rẹ̀, ìyẹn omi òkun tóóró tó wọnú ilẹ̀ láàárín òkè. Canada sì ti fi òfin de omi ìdọ̀tí láàárín máìlì 3 sí etíkun rẹ̀ láti 2023. Gbogbo àwọn wọ̀nyí jẹ́ orílẹ̀-èdè tó lówó, tó ní agbẹjọ́rò, tó sì ní ibi tí wọ́n lè kó ẹ̀gbin sí.

Ní òkun Caribbean, tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ pọ̀ sí ju ibikíbi lọ láyé, kò sí irú ipò bẹ́ẹ̀ fún omi ìgbọ̀nsẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n máa ń sọ: àwọn erékùṣù kéékèèké kò ní ibi tí wọ́n lè gba ẹ̀gbin náà sí, òfin yín sì ní èbúté gbọ́dọ̀ ní i ná. Ó yẹ kí àwọn tó ń kó mílíọ̀nù èrò lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún dá owó kíkọ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àlejò sí wa. Ní Bahamas, wọ́n ṣì ń dá èésú títí di òní, Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú sì wà lára àwọn tó gbé e débẹ̀. Òkun kan náà tó gbé wọn lọ ni wọ́n ń pẹja nínú rẹ̀. Ní Salvador ní Brazil, ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdọọdún ni wọ́n ń bọ Yemọja ní etí òkun Rio Vermelho, láàárín àsìkò tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ pọ̀ jù ní etíkun wọn. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn olórìṣà fúnra wọn ti ń rọ ara wọn pé kí wọ́n má ju ike àti ìgò sínú omi mọ́, kí ẹbọ jẹ́ ohun tó lè jẹrà. Àwọn tí ọwọ́ wọn kò mú ju agbọ̀n òdòdó kan lọ ti tún ìwà wọn ṣe. Ẹ bá wa sọ fún ẹni tó ń gbé 10,000 ènìyàn pé kí òun náà tún tirẹ̀ ṣe.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Wọ́n á ní ọkọ̀ ìgbafẹ́ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ òkun àgbáyé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìgbafẹ́ ló ń gbé ènìyàn tó pọ̀ tó ìlú, etíkun tó rẹwà jù, ibi tí iyùn òkun àti ẹja kéékèèké wà, ló sì ń wá lọ. Wọ́n á ní ọkọ̀ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí àsíá rẹ̀ wà lórí rẹ̀, pé ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ wọ ilé onílé. Ẹ̀yin jẹ́ ọmọ Panama, ẹ mọ ọ̀rọ̀ àsíá ju èmi lọ. Panama ni wọ́n ti forúkọ Carnival sílẹ̀ ní 1974, ìwé ìforúkọsílẹ̀ Royal Caribbean ń bẹ ní Liberia, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn sì ń ta àsíá Bahamas, nígbà tí ọ̀gá àti owó wà ní Miami. Kí ọkọ̀ máa wá ibi tí owó orí ti fúyẹ́, kò kàn mí nínú lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n bí àsíá bá ti jìnnà sí ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ojú ìjọba wà nínú rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Ní ìwọ̀-oòrùn òkun Pàsífíìkì, ọkọ̀ ńlá tó ń fi àwọ̀n pa túnà gbọ́dọ̀ gbé alákìíyèsí tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀, láti 2010. Orílẹ̀-èdè tó ń ta àsíá sórí ọkọ̀ wọ̀nyẹn pọ̀, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá lè fi ẹ̀ṣọ́ sínú ọkọ̀ ìpẹja nítorí ẹja, ọkọ̀ tó ní ilé ìtura, gbọ̀ngàn eré àti adágún ìwẹ̀ kò lè sọ pé òun kò ní yàrá kan fún ẹnìkan.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń ṣòfin, àwọn orílẹ̀-èdè ló ń ṣe é. Àmọ́ ẹ ti jókòó sórí àga alága ìgbìmọ̀ MEPC rí, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí àyíká òkun, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé orí tábìlì níbẹ̀, ẹ sì mọ bó ṣe ń pẹ́ níbẹ̀. Àtúnyẹ̀wò Àfikún Kẹrin ti ń lọ lọ́wọ́ láti ọdún mélòó kan. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ó má parí sí ìwé àkọsílẹ̀ tuntun tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yóò tún máa kọ. Kí wọ́n fi àyẹ̀wò omi lójijì sí i, láti ọwọ́ ẹni tí ilé-iṣẹ́ kò gbà síṣẹ́. Kí wọ́n fi omi ìwẹ̀ àti omi ìdáná sí i. Kí wọ́n kọ ẹ̀ṣọ́ inú ọkọ̀ sí i, fún ọkọ̀ èrò tó bá gbé ju iye kan lọ, kí owó rẹ̀ sì ti ara tíkẹ́ẹ̀tì jáde. Ẹ rọ Amẹ́ríkà náà, níbi tí ọjà yìí ti tóbi jù, pé kí wọ́n buwọ́ lu Àfikún Kẹrin, nítorí títí di òní wọn kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ń fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí àwọn aṣojú Nàìjíríà lọ́dọ̀ yín, mo sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá àwọn erékùṣù Caribbean gbé àbá yìí wá síwájú ìgbìmọ̀. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ kì í sábà yà ní Èkó, ìdí gan-an nìyẹn tí Nàìjíríà fi lè sọ ọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni lè halẹ̀ mọ́ ọn pé òun kò ní gbé èrò wá mọ́. Àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá dá sọ̀rọ̀, ọkọ̀ lè yí orí padà lọ sí erékùṣù kejì.

Bí ẹ bá fẹ́ kí n wá, mo wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló máa gbé mi dé ẹnu ọ̀nà yín. Màá mú ìwé àwọn ẹjọ́ náà lọ́wọ́.

Tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,

Wolé-wolé tẹ́lẹ̀ rí ní Ìbàdàn, tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí.